Sípánà Orílẹ̀-Èdè Mẹ́ta Lórí Ọ̀sà Èkó

Ẹni tó bá kúrò ní Ẹnu Ọ̀wá, tó fi Ìgá Ìdúngànrán sẹ́yìn, tó sì la àárín èrò ọjà kọjá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi ní Èbúté Èrò, kò ní í pẹ́ kó tó rí irú ohun tí èmi náà rí níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ èrò kan ti kún, àwọn èrò ti de aṣọ amúniléfòó mọ́ àyà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Mẹkáníìkì, àgbàlagbà ọkùnrin kan tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Bàbá, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó ní, "Fún mi ní méjìlá." Ọmọ iṣẹ́ náà tú àpò wò, ó tún un tú, ó ní, "Bàbá, a ò rí méjìlá mọ́. Mẹ́tàlá ló wà ńbí." Bàbá mí kanlẹ̀. Ó gba mẹ́tàlá, ó ki páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gé lára agolo bọ ẹnu rẹ̀ kó lè fún, ó sì tẹ̀ ẹ́. Sípánà yọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yọ̀. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, igun mẹ́fà tó wà lórí nọ́ọ̀tì náà ti fá, ó ti di róbótó.

Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ń bínú, àwọn kan ń bèèrè owó wọn. Èmi dúpẹ́ ní tèmi, nítorí pé etí èbúté ni nọ́ọ̀tì náà ti bàjẹ́. Bó bá ṣe pé àárín ọ̀sà ni, níbi tí òkùnkùn ti ń bọ̀, tí ìgbì sì ń gbé ọkọ̀ tí kò ní agbára kiri, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Bí a bá ń sọ ìtàn omi Èkó, a máa ń dárúkọ àwọn ọba, àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn afárá àti àwọn ọkọ̀ ńlá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dárúkọ sípánà. Bẹ́ẹ̀, bí a bá tẹ̀lé ìtàn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú ọkọ̀ lórí ọ̀sà yìí, a ó rí i pé ohun tó yọ̀ lọ́wọ́ Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: a ra ẹ́ńjìnnì, a kò ra irinṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ra ẹ́ńjìnnì láìra irinṣẹ́, ìdajì ọkọ̀ ló rà.

Nígbà tí ọkọ̀ àti irinṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ kan náà

Kí ẹ́ńjìnnì tó dé, àjẹ̀, ọ̀pá àti ìgbokùn ni wọ́n fi ń rìn lórí ọ̀sà. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti inú ìtì igi kan ṣoṣo ló ń kó ẹja, epo, àgbàdo àti èèyàn láàrin Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìkòròdú, Ejìnrìn, Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágìrì. Ìdílé Arómirẹ́, tí ìtàn so mọ́ oko ata tí Ìgá Ìdúngànrán dúró lé lórí lónìí, gbé omi sínú orúkọ wọn gan-an. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ọkọ̀ kò jìnnà sílé. Àáké tí wọ́n fi gé igi, irin tí wọ́n fi há inú rẹ̀, ọ̀bẹ tí wọ́n fi gbẹ́ àjẹ̀, alágbẹ̀dẹ àdúgbò ló rọ gbogbo wọn. Bí èkù bá yọ, wọ́n fi òmíràn sí i. Bí ẹnu bá kújú, wọ́n gbé e padà sí àgbẹ̀dẹ. Bí àjẹ̀ bá sì ṣẹ́ lórí omi, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ lè wà nínú ọkọ̀ kan náà.

N kò sọ èyí láti fi ìgbà àtijọ́ ṣe ìgbà ọ̀run. Omi ń pa ènìyàn nígbà náà pẹ̀lú. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé kò sí àlàfo láàrin ẹni tó ṣe ohun èlò náà, ẹni tó ń lò ó àti ẹni tó ń tún un ṣe. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ń lò: ìwọ̀n ọwọ́ àti ojú ara wọn.

Ẹ̀rọ wọ ọ̀sà pẹ̀lú ariwo ìbọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, ọkọ̀ ogun tó ń fi èéfín omi gbígbóná ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n kó wá. Orúkọ méjì nínú wọn ni Bloodhound àti Teazer. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì yìí fi ìdí kanlẹ̀ nínú omi Èkó tí kò jìn, wọ́n há mọ́ yanrìn, wọ́n sì dúró lójú ìbọn àwọn ará ìlú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló borí níkẹyìn, Kòsọ́kọ́ sì sá gba orí omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí omi kọ́ Bloodhound àti Teazer kò yẹ kó bọ́ lọ́kàn wa: agbára ẹ́ńjìnnì kò tó nǹkan bí ohun tí yóò yọ ọ́ nínú ìṣòro kò bá sí nítòsí.

Ìwọ̀n tí Gẹ̀ẹ́sì gbé dé

Lẹ́yìn èyí ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkó lọ́pọ̀ yanturu. Ní ọdún 1896, iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó. Ní ọdún 1901, wọ́n ṣí afárá tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè, èyí tó so Ìdó pọ̀ mọ́ erékùṣù Èkó nítòsí Èbúté Èrò. Ibi iṣẹ́ reluwé ní Èbúté Mẹ́tta àti ibi àtúnṣe ọkọ̀ ìjọba ní Àpápá sì di ilé ẹ̀kọ́ tí ìran lẹ́yìn ìran ti kọ́ iṣẹ́ irin.

Irin tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní ọdún 1841, ẹlẹ́rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Joseph Whitworth dá a lábàá pé kí gbogbo bọ́ọ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ ní ẹyín kan náà, kí èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú kan lè wọ nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní ìlú mìíràn. Àbá yìí ló di òfin iṣẹ́ irin káàkiri ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ṣùgbọ́n àdììtú kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń da ọmọ iṣẹ́ láàmú: nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára sípánà Whitworth kì í ṣe ìwọ̀n ẹnu sípánà náà. Ìwọ̀n ọ̀pá bọ́ọ̀tì ni. Sípánà tí wọ́n kọ ìdámẹ́rin íǹṣì sí lára, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìlọ́po méjì ìdámẹ́rin íǹṣì lọ. Ó tó mìlímítà 13.3. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀gá kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ nìyẹn. Orí ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó bá ẹ̀rọ dé orí omi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ British Seagull bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré fún ìdí ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1931, ìwọ̀n Whitworth ló wà lára bọ́ọ̀tì wọn.

Ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà gbé dé

Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀, ìyẹn èyí tí ènìyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kó sì tún gbé e kúrò, òkìkí rẹ̀ kàn láti ọwọ́ Ole Evinrude, ọmọ bíbí ilẹ̀ Norway tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1909, ní ìlú Milwaukee, ni Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílógíráàmù 28, agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin kan àbọ̀ lọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé níbi tí ó ti ń tukọ̀ lọ ra áísíkiriìmù fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní ọjọ́ tí oòrùn mú, tí áísíkiriìmù náà sì yọ́ kó tó padà dé, ni èrò ẹ́ńjìnnì náà ti sọ sí i lọ́kàn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i ni, ohun tó dájú ni pé àjẹ̀ ti rí orogún.

Láàrin ọdún 1950 sí 1970, ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ tàn ká etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Senegal dé Gánà títí dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ló kọ́kọ́ ní láti yí iṣẹ́ ọwọ́ wọn padà. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti inú ìtì igi, ṣóńṣó ni orí àti ìdí rẹ̀; kò sí ibi tí wọn yóò so ẹ́ńjìnnì mọ́. Ní Gánà, ọ̀pọ̀ apẹja kan igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n sì so ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ. Ọkọ̀ oní-pákó tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni ó gba ẹ́ńjìnnì wẹ́kú. Nígbà tí ènìyàn bá rí Ẹ̀gùn apẹja ní Mákòkó tàbí ọmọ Ìlàjẹ tó ń bọ̀ láti ìhà òkun tí ẹ́ńjìnnì ń dún lẹ́yìn rẹ̀, kó mọ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti tún èrò ara rẹ̀ pa kí èyí tó ṣeé ṣe.

Evinrude, Johnson àti Mercury, ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Íǹṣì ni àwọn náà ń lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe íǹṣì ti Whitworth. Ní tiwọn, nọ́ńbà tó wà lára sípánà ni ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, sípánà ìdajì íǹṣì ti Amẹ́ríkà àti sípánà ìdajì íǹṣì ti Whitworth, bí a bá kó wọn pọ̀ sínú àpò kan, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ẹnu wọn kò sì bára mu rárá. Ìwọ̀n kejì nìyẹn.

Ìwọ̀n tí Japan gbé dé

Ní ọdún 1960, Yamaha ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, wọ́n pè é ní P-7. Kò pẹ́ tí àwọn ará Japan fi mọ ohun tí apẹja Áfíríkà ń fẹ́: ẹ́ńjìnnì tí kò ní ẹ̀yà púpọ̀, tí kò kọ iṣẹ́ àṣekúdórógbó, tí a sì lè tú lójú ọ̀nà. Irú èyí tí wọ́n kọ Enduro sí lára, tí ó ń jẹ epo bẹntiróòlù tí wọ́n po òróró mọ́, ló wá gba ojú omi wa kan. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ èbúté, bí ènìyàn bá sọ pé "Yamaha," ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ní lọ́kàn, ohun yòówù tí wọn ì báà kọ sára rẹ̀. Evinrude tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò sí mọ́. Ní ọdún 2020 ni àwọn tó ni ín dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró.

Mìlímítà ni Japan ń lò. Ó ṣẹlẹ̀ pé àkókò kan náà ni Nàìjíríà ń yí ìwọ̀n padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, a kúrò lápá òsì ọ̀nà, a bọ́ sápá ọ̀tún. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn náà ni máìlì di kìlómítà, tí jálá ń fàyè sílẹ̀ fún lítà. Àwọn tó dàgbà tó yóò rántí bí wọ́n ti kéde rẹ̀ lórí rédíò, tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n kò sí ìkéde tó lè yí irin tó ti wà nínú àpò mẹkáníìkì padà. Ènìyàn lè kó pọ́n-ùn lọ sí báńkì kó gba náírà. Ta ni yóò gba sípánà Whitworth lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kó fún un ní ti mìlímítà? Ó tọ́jú èyí tó ní, ó sì ra díẹ̀díẹ̀ kún un bí agbára rẹ̀ ti mọ. Bàbá kú, ọmọ jogún àpò. Báyìí ni irinṣẹ́ orílẹ̀-èdè mẹ́ta fi di ẹbí kan nínú àpò kan, wọn kò sì gbọ́ èdè ara wọn.

Ohun tí ìdá kan nínú mìlímítà lè bàjẹ́

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìdajì íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7. Sípánà 12 kò ní í wọ̀ ọ́. Sípánà 13 yóò wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n yóò ṣẹ́ àyè díẹ̀ kù. Bí nọ́ọ̀tì náà bá rọ̀, yóò tú. Bí ó bá ti dógùn-ún, àyè kékeré yẹn ni yóò fá igun rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó jẹ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì jẹ́ mìlímítà 14.3 ó dín díẹ̀; 14 kò wọ̀ ọ́, 15 sì tú lẹ́nu rẹ̀. Òwe wa sọ ọ́ tipẹ́: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípánà pẹ̀lú nọ́ọ̀tì.

Àwọn tó rò pé mìlímítà nìkan ti parí ọ̀rọ̀ yóò tún rí òmíràn. Bọ́ọ̀tì tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, sípánà 13 ni ó ń gbà bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Jámánì. Ti Japan ń gba 12. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, 14 ni ti Japan sábà máa ń gbà, nígbà tí ti Jámánì àtijọ́ ń gba 17. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mẹkáníìkì Yamaha kò fi lè ṣe láìsí 10, 12, 14 àti 17, tí wọ́n sì fi jẹ́ àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ẹni tó ra àpótí sípánà fún mọ́tò ilẹ̀ Yúróòpù, tó sì gbé e wá sí etí omi, lè rí i pé èyí tó nílò jù kò sí níbẹ̀.

Ti sukúrù tó ní àmì àgbélébùú lórí tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1930 sí 1940, ni irú èyí tí wọ́n fi orúkọ Henry Phillips pè gbòde. Èyí tí Japan ń lò jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n igun inú rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Sukurudíráfà ti Phillips yóò wọ inú rẹ̀, kò kàn ní í jókòó dé ìdí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò ré sókè, yóò sì jẹ ẹnu sukúrù náà. Ojú kabúrétọ̀, níbi tí sukúrù ti kéré tí ó sì rọ̀, ni èyí ti ń ba nǹkan jẹ́ jù. Nígbà mìíràn, ihò bíńtín kan máa ń wà lórí sukúrù ti Japan gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tú irú sukúrù bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún láìmọ ohun tí àmì náà ń sọ.

Iyọ̀, koríko àti òòlù

Lórí ilẹ̀, irinṣẹ́ tí kò bá nǹkan mu lè mú ìjákulẹ̀ wá. Lórí ọ̀sà Èkó, iyọ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Ní ìgbà òjò, omi odò a máa borí, ọ̀sà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní iyọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọlé, iyọ̀ a sì pọ̀. Ara ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, bọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ irin líle. Bí omi iyọ̀ bá wà láàrin irin méjì tí kò jọra, ọ̀kan nínú wọn yóò máa jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí funfun yóò sì dì wọ́n mọ́ra bí ẹni fi símẹ́ǹtì sí i. Irin funfun kékeré tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi so ó ni pé kí iyọ̀ máa jẹ ẹ́ dípò ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ ti gbà kí iyọ̀ jẹ ẹ́ńjìnnì náà.

Ní ọdún 1984, àlejò mìíràn dé: koríko orí omi tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elése àlùkò wọ Nàìjíríà láti ìhà Bàdágìrì, ó sì tàn ká ọ̀sà. Ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi, ó sì ń dí ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tó ń tù ú lára. Láti ìgbà náà, ọ̀bẹ mímú ti di ara irinṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní Èkó, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé tí Japan kọ.

Kí wá ni irinṣẹ́ tó yẹ? Kò pọ̀ tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Sípánà 10, 12, 14 àti 17, ẹlẹ́nu là àti èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ òrùka. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ní ìwọ̀n kan náà, nítorí pé onígun méjìlá tètè máa ń fá nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún. Èyí tí wọ́n fi ń tú plọ́ọ̀gì, tó jẹ́ 21 fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí. Sukurudíráfà tó bá ojú sukúrù mu. Ẹ̀mú, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní pláyà, fún pínnì tó há abẹ̀bẹ̀ irin mọ́lẹ̀. Ọ̀bẹ. Okùn kan tí a lè fi tajú ẹ́ńjìnnì bí èyí tó wà lára rẹ̀ bá já. Plọ́ọ̀gì tuntun méjì. Gíríìsì tí omi kò lè fọ̀ dànù, kí a máa fi ra bọ́ọ̀tì kí a tó dá a padà. Èyí tí mo kà yìí lè wọ inú àpò kan tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé.

Ọ̀kan kù, èyí tó yẹ kó wà ní etí èbúté bí kò tilẹ̀ sí nínú ọkọ̀: púlà. Irin ńlá rìbìtì tó ń yí lókè ẹ́ńjìnnì máa ń jókòó ṣinṣin lórí ọ̀pá tó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Abẹ́ rẹ̀ ni ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì níná wà. Púlà ni wọ́n fi ń fà á yọ wẹ́rẹ́. Níbi tí púlà kò bá sí, òòlù ni wọ́n ń lò. Ó máa ń yọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òòlù lè tẹ ọ̀pá náà, ó sì lè fọ́ òòfà inú irin rìbìtì, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa gbọ̀n láti ọjọ́ náà lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, nígbà tí ó bá kú lójú omi, kò sí ẹni tí yóò rántí òòlù.

Ẹni máa yó á yó

A ní òwe kan tó ń tuni nínú: bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Òwe yìí ló gbé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ wa ró. Mo ti rí púlà tí wọ́n fi irin àlòkù jó pọ̀, tó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ti rí sípánà tí wọ́n fi iná rẹ́ títí ó fi bá nọ́ọ̀tì mu. N kò lè bú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun náà ni ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ tí a bá nílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó jó púlà ti ṣe irinṣẹ́ tó yẹ. Ẹni tó fi páànù agolo di ẹnu 13 kò tíì ṣe irinṣẹ́ kankan. Ó kàn ń bẹ nọ́ọ̀tì ni. Ẹni tó sì jókòó sínú ọkọ̀ kò mọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n fi tún ẹ́ńjìnnì tó gbé e dání ṣe.

Ìjọba pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Nígbà ìṣèjọba Alhaji Lateef Jakande, láàrin ọdún 1979 sí 1983, ìpínlẹ̀ Èkó mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ní òkúnkúndùn. Lẹ́yìn náà, afárá ló gba ọkàn gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá kẹta ní ọdún 1990, tí ó gba orí ọ̀sà kọjá láti Òwòrònṣòkí dé erékùṣù, ó dàbí ẹni pé omi ti di ohun tí a ń wò láti ojú fèrèsé mọ́tò. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló dá wa padà sí omi. Àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ dé ní ọdún 1997, LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó sì dé ní ọdún 2008. Wọ́n ń ṣe òfin pé kí èrò wọ aṣọ amúniléfòó, kí ọkọ̀ má kó èrò ju bó ti yẹ lọ, kí ọkọ̀ èrò má rìn lálẹ́. Òfin rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ewu bá ti dé ni aṣọ amúniléfòó ń dojú kọ. Àpò irinṣẹ́ ń dojú kọ ohun tó ń bí ewu náà. Ọkọ̀ tó kú lójú omi ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yóò di ọkọ̀ alẹ́ ní agogo méje, bí ẹni tó ń wà á tilẹ̀ fẹ́ràn òfin tó báwo.

Ní báyìí, a ń gbọ́ nípa ètò Omi Èkó àti ọkọ̀ tí yóò máa lo iná mànàmáná. Ó dára púpọ̀. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní kabúrétọ̀, kò sì ní plọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n yóò ní irinṣẹ́ tirẹ̀, àti ìwọ̀n tirẹ̀, àti ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn. Bí a bá tún gbé e dé láìgbé irinṣẹ́ rẹ̀ dé, tí a kò sì pe àwọn tí ọwọ́ wọn ti gbó sí ẹ̀rọ omi láti wá kọ́ ọ, ìwọ̀n kẹrin ni yóò kàn bọ́ sínú àpò tí mẹ́ta ti ń jà.

Ohun tí mo ń bèèrè kò le. Kí ẹni tó bá ń ra ẹ́ńjìnnì, tuntun tàbí tòkúnbọ̀, bèèrè orílẹ̀-èdè tí ó ti wá, kó sì ra sípánà tó bá a mu lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní èbúté sọ pé kí wọ́n ṣí àpò irinṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ka aṣọ amúniléfòó. Kí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ojú omi ní èbúté kọ̀ọ̀kan da owó jọ ra púlà kan àti àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó péye, kí ó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tó bá yá a fi orúkọ sílẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ sì kọ́ bí wọ́n ti ń ka nọ́ńbà ara sípánà kó tó kọ́ bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́.

Mo tún kọjá ní Èbúté Èrò ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bàbá wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo kí i, mo bèèrè bí ọkọ̀ ọjọ́ náà ti já sí. Ó ní wọ́n fi ayùn irin gé orí nọ́ọ̀tì náà, wọ́n sì ra òmíràn. Ó ní iṣẹ́ tí kò yẹ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá gba odidi ọjọ́ kan. Mo bèèrè pé, "Méjìlá ńkọ́, Bàbá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fà á yọ. Tuntun ni, ó fi okùn so ó mọ́ ìgbànú. Ó ní, "Èyí ò tún ní í sọnù."